Jagunọ̀sà, Bàbá Ńlá Wa Tí Wọ́n Pè Lólè

Nígbà tí mo ṣì kéré, bí wọ́n bá ti fún wa ní họlidé báyìí, ilé wa ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, kì í gbà mí mọ́. Ara mi kì í balẹ̀ àfi tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Màmá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí ìyá mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ iná ẹja yíyan títí ojú mi á fi pọ́n. Màá yọ́ orí ẹja kan jẹ, ìgbájú á sì tẹ̀lé e.

Bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, eré Jagunọ̀sà ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí ọ̀sà, ẹ ò ní ṣàì gbọ́ nípa irú ẹ̀ rí: ọlọ́ṣà ayé àtijọ́ tó ń dá ọkọ̀ àwọn olówó lọ́nà lójú omi, tó ń pín ẹrù wọn fún àwọn opó. Èmi ni mo máa ń ṣe Jagunọ̀sà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi dù ú, torí bàbá ńlá wa ni. Òun náà ló fà á tí ilé wa kì í fi í jẹ ọ̀bọ̀kún. Wọ́n ní agbo ẹja náà ló da omi rú lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé e, tí wọn ò fi rí i mú. Háà, mo yangàn!

Àfi ọjọ́ tí Sìdí, ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo níbẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò wọlé. Ó ní ìyá àgbà òun ti ní òun ò gbọdọ̀ bá ọmọ olè ṣeré mọ́. Pé opó ni ìyá ńlá àwọn, Jagunọ̀sà sì kó o lẹ́rù lọ. Inú bí mi, ẹkún gbọ̀n mí. Mo sáré bá Màmá Ẹ̀pẹ́ nídìí ààrò pé kí wọ́n wá sọ fún ìyá àgbà Sìdí pé irọ́ ni, kí Sìdí lè padà.

Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Atukọ̀ ni. Wọ́n gba ọkọ̀ ẹ̀, òun náà wá ń gba tàwọn ẹlòmíì. Ó fún opó kan lẹ́ja, ó ja òmíràn lólè. Ṣé o fẹ́ kí n purọ́ fún aládùúgbò mi ni?"

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n fà mí lọ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n ṣe dé ilé wọn Sìdí, orúnkún méjèèjì nílẹ̀! Orúnkún tí wọ́n ń fi òrí pa lálaalẹ́.

"Ẹ bá wa dárí jì í. Òkú ò lè bẹ̀bẹ̀, àwa tó kù la ó bá a bẹ̀bẹ̀."

Ìyá àgbà Sìdí sáré gbé wọn dìde: "Ẹ dìde o! Ó ti tán." Sìdí dì mọ́ mi. Èmi ń wa ẹkún mu, torí ọ̀rẹ́ mi ti padà, ṣùgbọ́n akọni mi ti lọ.

Lóde òní, họlidé ti di ti fóònù. Ta ló tún ń kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ńlá? Èébú là ń fi ránṣẹ́ síra wa. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi wá Jagunọ̀sà lórí fóònù ẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, kò sí níbẹ̀ o. Ìtàn lásán ni."

Ara mi ò gbà á rárá. Mo ní, "Ìyá ìyá mi kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò gbé ayé rí?"