Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọn Ò Rán Mi

Òórùn ẹran àgbò díndín ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, bó ṣe ń bá òórùn bílíìṣì jà lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Peckham, nílùú òyìnbó. Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí a bá ti Yídì dé, èmi ni màmá mi máa ń rán láti gbé ẹran fún àwọn aládùúgbò, òyìnbó àti ará Sòmálíà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọ́n ṣì ń rán mi. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mi ò gbọdọ̀ kàn, ti bàbá Ìgbò tó ń gbé lókè wa. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni Dádì mi ti jagun Biafra; bàbá Ìgbò jà lódìkejì. Ogun ọ̀hún ti parí kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ wọn kì í kí ara wọn. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti kú nínú ìjà tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ Dádì yìí kan náà ni òléwájú ní ìpàdé àwọn ayálégbé. Nígbà tí àwọn kan kọ èébú sára ilẹ̀kùn àwa aláwọ̀ dúdú, tí káńsù tó ni ilé kò sì pa á rẹ́, Dádì dìde, wọ́n ní kí káńsù fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ṣẹ̀ wá. “Ẹni tí kò lè ní òun ṣẹ̀ ọ́, kò tíì gbà pé èèyàn ni ọ́.” Bàbá Ìgbò jókòó lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojú mi báyìí ló ṣe, inú mi sì dùn débi tí mo fi gbàgbé ara mi.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo bu ẹran sábọ́, mo gòkè lọ. Ẹ ṣáà mọ ìwà wa, bí ìjà bá le, ẹnì kan á bá ẹlẹ́ṣẹ̀ bẹ̀bẹ̀ láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Mo kúnlẹ̀. “Uncle, Daddy ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín, fún ti war yẹn.”

Ìbàdàn ni bàbá náà ti dàgbà, Yorùbá wọn dán. Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi. “Lẹ́yìn gbogbo years yìí? Dìde, ọmọ mi.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá náà tẹ agogo ẹnu ọ̀nà wa. Kóòtù tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ti fọ abọ́ wa, wọ́n sì gbé àwòrán ọmọdébìnrin kan sínú rẹ̀.

“Àbúrò mi rèé,” wọ́n sọ fún Dádì. “Ebi ló pa á nígbà ogun. Mo ti gba ẹ̀bẹ̀ yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wò ó ni.”

Dádì ò wo àwòrán náà. Èmi ni wọ́n ń wò. “Ẹ̀bẹ̀ wo? Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Order ni wọ́n fún wa, mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.”

Bàbá Ìgbò mú àwòrán wọn, wọ́n fi sí àpò àyà, wọ́n gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Kí Iléyá mìíràn tó dé, bàbá Ìgbò ti kó lọ sí Brockley, n kò sì rí wọn mọ́. Dádì ṣì ń lọ sípàdé, wọ́n ṣì ń bi òyìnbó léèrè ẹ̀tọ́ wa, òdodo ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń sọ. Bí àwọn èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, mo máa ń sorí kọ́. Mo rò pé mo ń tún nǹkan ṣe ni, àṣé mo kàn jẹ́ kí bàbá arúgbó kan tún àbúrò rẹ̀ sin lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́nu ọ̀nà wa. Gáùn funfun ló wọ̀ nínú àwòrán yẹn, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ̀ wálẹ̀. Nínú gbogbo ilé wa, èmi nìkan ló wò ó.