Bàbá Ọ̀rá àti Tẹmómítà Ìyàwó Rẹ̀

Bàbá Ọ̀rá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá gbogbo ara rẹ̀, ẹ ò lè rí ọ̀rá tó máa din ẹyin kan. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Awọ tín-ín-rín kan ló bo sẹ́ẹ̀lì ara wa, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá tutù, á dì bíi bọ́tà inú fíríìjì. Tó bá gbóná dé àyè kan, á yọ́. Bàbá Ọ̀rá ń fi ìṣirò kọ́ irú awọ bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ láìdáná, kó lè mọ ìgbà tó máa yọ́.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, ló ń fọwọ́ kan ojúlówó ọ̀rá ní yàrá kejì, tòun ti ìgò àti tẹmómítà. Ọ̀gá wọn ló da iṣẹ́ náà pọ̀: kí ọkọ ṣírò, kí ìyàwó wọ̀n ọ́n, kí iye méjèèjì pàdé. Wọ́n kọ̀, wọn ò pàdé. Ti ìyàwó yọ́ ní dígírì mọ́kànlélógójì. Ti ọkọ dé ọgọ́ta, ó ṣì dì gbagidi. Ni ọ̀gá bá ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ṣàṣìṣe nínú wọn máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ẹ rò pé Bàbá Ọ̀rá á lọ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò? Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Tẹmómítà ẹni ẹlẹ́ni ló gbẹ́nu lé.

"Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe tẹmómítà tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré lo ń lò yẹn?"

"Ó kúkú wọn ibà yín lóṣù tó kọjá," ìyàwó á dáhùn, "ẹ ò sì bá a jà."

Ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ó sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ ọ́ lójú ọ̀gá: "Ọwọ́ kọ̀ǹpútà kì í gbọ̀n." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì náà kọ́kọ́ ń bá wọn rín in, nígbà tó yá, ó dákẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Ọ̀rá fẹ́ ya àwòrán awọ rẹ̀ kó lè fi yangàn lọ́jọ́ kejì. Ó wo awọ náà látòkè. Àwọn èérún ọ̀rá ń ti ara wọn, wọ́n fẹ́ gbòòrò, kò sáyè. Ọ̀rá tó bá sì ń yọ́, fífẹ̀ ló ń fẹ̀. Ó lọ wo àṣẹ tó pa fún kọ̀ǹpútà: ó ti ti ẹ̀gbẹ́ àpótí oníṣirò tí awọ náà wà nínú rẹ̀ pa, kò lè fẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í, lọ́jọ́ tó ń fi omi lásán dán an wò, kò sì rántí ṣí i mọ́. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Ó ṣí i, ó ní kí kọ̀ǹpútà tún mú awọ náà gbóná mọ́jú. Nígbà tó délé, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kó kọ́kọ́ dá òun lójú ná.

Ilẹ̀ mọ́, awọ náà ti yọ́, ní mọ́kànlélógójì géérégé. Bàbá Ọ̀rá gbé kọ̀ǹpútà, ó sáré tọ ọ̀gá lọ. Ìyá Ìbejì ti wà níbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ti tán," ni ọ̀gá wí. "Ìyàwó yín ní àṣìṣe tòun ni, òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

"Háà! Ta ló sọ fún ẹ pé o ṣàṣìṣe?" ni Bàbá Ọ̀rá bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," ni Ìyá Ìbejì wí. "Lójoojúmọ́."

Bàbá Ọ̀rá ṣí àwòrán awọ náà síwájú wọn. "Ọ̀gá, irọ́ ni. Èmi ni mo ti àpótí pa. Tìyàwó mi ló tọ̀nà látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ ti gba iṣẹ́ náà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwòrán náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Àná."

"Àná tẹ́ ẹ rí i pé mi ò lè jẹun?"

Ojú ti Bàbá Ọ̀rá. Ó ní, "Àná náà ni."