Kọ̀ǹpútà Alájì Tí Kì Í Tètè Jí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo àdúgbò Adígbẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Alájì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Símẹ́ńtì ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí àwọn olùkọ́ ti ń wá tẹ ìbéèrè ìdánwò. Wọ́n mú mi wá láti oko wa lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dá kí n lè máa lọ sí ilé ìwé, kí n sì máa ran akọ̀wé wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan jí fóònù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í ṣàdédé jí. Yóò kọ́kọ́ ka agbára ìrántí tirẹ̀, nọ́ńbà yóò máa gòkè lójú rẹ̀ títí yóò fi dé ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì. Yóò yẹ ihò tí à ń ti díìsì pẹlẹbẹ bọ̀ wò bóyá nǹkan wà níbẹ̀; iná pupa yóò tàn, yóò kùn. Lẹ́yìn náà ni yóò yíjú sí díìsì inú rẹ̀, ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, tí yóò gbé DOS dìde, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. DOS yóò wá ka ìwé kékeré kan tó wà nínú díìsì náà, tó ń jẹ́ AUTOEXEC, yóò sì ṣe ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé atọ́nà tó bá ẹ̀rọ náà wá ni mo ti kọ́ gbogbo èyí. Mo kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í lò tó ìṣẹ́jú méjì kó tó jí. Nígbà tó fi pé ọdún kan, mo fi aago ara ògiri wọ̀n ọ́n: ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Alájì nìkan ló ń tan án láràárọ̀. Wọ́n á ní Bisimilahi, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá náà, gbogbo wa á sì jókòó síta.

Akọ̀wé ní èmi ni mo bà á jẹ́, torí ó ti rí mi rí tí mo fi sukurudíráfà ṣí i láti gbọn eruku inú rẹ̀. Ó ń pè mí ní Ẹnjiníà Oko. Alájì kò pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó tà á fún wọn ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà ńbẹ̀, kí n di ẹrù mi, kí n padà sóko. Ilé ìwé náà parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, Alájì lọ kírun. Iná lọ, ó sì padà dé. Olùkọ́ kan láti Ọ̀dẹ̀dá ń dúró de ìbéèrè ìdánwò rẹ̀, akọ̀wé bá ní kí n tan ẹ̀rọ, pé ohun tó ti bàjẹ́ kò lè bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó síwájú rẹ̀ bó ti ń jí. Ó yẹ díìsì rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sọ iye àyè tó kù. Ó dára. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún yẹ ẹ́ wò, ó tún sọ iye kan náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, mo ní kó fi AUTOEXEC hàn mí. CHKDSK, àṣẹ tó ń mú kí ẹ̀rọ yẹ díìsì wò, ló tò síbẹ̀ ní ìlà lórí ìlà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tàlélógún ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ẹni méjì péré ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan síbẹ̀: èmi àti Alájì. Èmi kò sì kọ ọ́. Ẹnu ọmọ wo ni yóò sọ ọ́?

N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí Alájì dé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá mi ka ohun kan. Wọ́n fi awò sójú. Ní ìlà kẹfà, ohùn wọn lọlẹ̀. Ní ìlà kẹwàá, wọ́n bọ́ awò náà. Akọ̀wé na ọrùn wò ó, ó wá yíjú sí mi, ó bi mí pé ta ló kọ irú ìyẹn.

"Má wo ọmọ yẹn," ni Alájì wí. "Èmi ni."

Láyé ìgbà náà, àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ká má tilẹ̀ sọ pé níwájú àlejò. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tó ta ẹ̀rọ náà ló sọ pé bí iná bá lọ lójijì, díìsì lè fara pa, kí wọ́n kọ àṣẹ yẹn síbẹ̀. Wọ́n rò pé gbogbo ìgbà tí iná bá ti lọ mọ́ ẹ̀rọ lójú ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan kún un.

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìgbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan lẹ ń kà, Alájì," ni akọ̀wé wí. "Bí ẹ bá ka gbogbo ìgbà tí iná ń lọ l'Ádígbẹ, ọdún Iléyá ni ì bá jí."

Alájì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo pa méjìlélógún rẹ́, mo fi ọ̀kan sílẹ̀, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tan án. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi jí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ oko fún mi mọ́.

Ayé ti yí padà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi lónìí kì í kùn, díìsì rẹ̀ kì í yí. Síbẹ̀ àìsàn kan náà ló ń ṣe é: àwọn ètò tí a ní kí wọ́n máa bá a jí. Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Mo ní eré tí ọmọ-ọmọ mi ń ṣe lórí rẹ̀ ló fà á, mo lé e kúrò níbẹ̀, ó sì sunkún. Lánàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkójọ ohun tó ń bá a jí. Mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀. Èmi ni mo kó gbogbo wọn síbẹ̀. Eré ọmọ náà kò sí nínú wọn. Mo yọ mẹ́sàn-án, ó sì ń jí láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá báyìí. Ọmọ náà kò tíì mọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá bí n ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ kékeré méjì tí Alájì sọ lójú gbogbo wa, ẹnu mi kọ̀, kò là.