Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Fi Ìbínú Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Alájórin

Alájórin ni àbúrò mi. Obìnrin ni o. Ẹ má wulẹ̀ lanu sílẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fi iná jó irin pọ̀, géètì tí ọwọ́ rẹ̀ ò kàn ládùúgbò wa ò pọ̀. Ìyá Irin ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni mo máa ń kun ohun tó bá jó tán lọ́dà. Inú ọgbà kan náà la ti ń ṣiṣẹ́: òun lábẹ́ páànù, èmi níbi tí oòrùn ti lè bá mi mú ọ̀dà gbẹ.

Nípa ti ìwé, ká má purọ́, àwa méjèèjì ò kà á dé ibì kankan. Èmi dúró ní kíláàsì kẹta, òun dé ìkẹrin, ìyẹn ló sì fi ń yangàn sí mi títí dòní. Nígbà tí bàbá wa kú, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ alájórin mú un sọ́dọ̀, ó ní kó wá máa bá òun di irin mú. Ó dì í mú, kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́. Ẹ bi í ní ohunkóhun nípa irin, á sọ ọ́ fún yín bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀! Ọ̀rọ̀ á kàn fún ara wọn pọ̀ ni, bí ewúrẹ́ tí òjò lé wọ abẹ́ òrùlé.

Ẹgbẹ́ kan wà lórí fóònù tí àwọn alájórin ti ń gba ara wọn nímọ̀ràn. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, láti ìlú oríṣiríṣi. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ irin nílé ìwé ló dá a sílẹ̀, Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Tíṣà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ohùn ránṣẹ́, kíkọ ni kí wọ́n máa kọ, torí ariwo ibi iṣẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n kọ wá ńkọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gbé àwòrán tánkì epo ọkọ̀ síbẹ̀. Tánkì náà ti lu lápá òkè. Ó ní lọ́jọ́ náà gan-an lòun fẹ́ jó o, kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn. Ó ní òun ti da epo inú rẹ̀ nù, òun ti sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, òun ti fimú sí i, kò rùn mọ́.

Àbúrò mi ju hámà sílẹ̀. Ó jókòó sórí àgbá, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù, ó yọ ahọ́n síta bí ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ohun tó kọ ni pé kí ọkùnrin náà má dán an wò. Tánkì tó bá ti gbé epo rí, kó gbẹ bí ewé, oru epo tí ojú ò rí ṣì wà nínú rẹ̀, iná bíńtín báyìí á gbé e fò. Kó fi omi kún un títí dé etí ibi tó fẹ́ jó, kó ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kó tó tan iná rárá. Ọgbọ́n gidi ló kọ yẹn.

Tíṣà ló kọ́kọ́ fèsì. "Ìyá Irin, ẹ jọ̀ọ́, èdè wo lẹ kọ yìí? Ẹ bá wa wá ògbufọ̀."

Ó kúkú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán ẹ̀rín ń rọ́ wọlé bí òjò. Ọ̀kan ní, "Irin lẹ jó pọ̀ ni àbí ọ̀rọ̀?" Òmíràn ní, "Bó bá ti fomi kún tánkì náà tán, kó máa sin ẹja nínú ẹ̀."

Ojú àbúrò mi pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí wọn?"

"Dá wọn lóhùn!"

"Kí n tún kọ ọ́, kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín?"

Kí n tó ya ẹnu, ó ti pa ohun tó kọ rẹ́, ó sì ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìbínú ò kúkú mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó padà sídìí iṣẹ́, iṣẹ́ ò gbà á. Ó gbé ìbòjú wọ̀, ó bọ́ ọ. Ó fi tépù wọn irin kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún gbàgbé iye tó jẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

Mo ní, "Kí ló dé tó o ń rìn káàkiri bí adìyẹ tó ń wábi yé sí?"

"Ọkùnrin yẹn ni. Ó ní òní lòun máa jó o."

"Ṣebí àwọn ọ̀mọ̀wé kún ibẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n rín."

Òótọ́ ló sọ. Ẹnì kan péré ló sọ ohun tó lè gba ọkùnrin yẹn là, òun náà sì ti pa á rẹ́. A ò ní nọ́ńbà rẹ̀, inú ẹgbẹ́ ló wà, àbúrò mi sì ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ó wá ku Tíṣà.

"Mi ò ní pè é," ó ní.

"Bó ò bá pè é, èmi á pè é, o sì mọ bẹ́nu mi ṣe rí."

Ó pè é. Ó tú ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́.

"Háà, Ìyá Irin, ẹ má bínú, eré la fi ṣe. Ẹ sáà tún un kọ dáadáa, kẹ́ ẹ fi kọ́mà àti àmì ohùn sí i, màá dá yín padà. Ohun téèyàn bá fẹ́ fi kọ́ni, ó yẹ kó ṣeé kà."

"Tíṣà, tánkì ò ní dúró de kọ́mà! Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin yẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òfin ẹgbẹ́. Mo já fóònù gbà. "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ káàsán o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá gbiná lónìí, ṣé gírámà lẹ máa gbé lọ bá ìyàwó ẹ̀ nílé?"

Kí n tó dá fóònù padà, nọ́ńbà ti wọlé.

A pè é, kò gbé e. A tún pè é, ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Àbúrò mi ń lọ, ó ń bọ̀, ó fẹsẹ̀ gbá garawa ọ̀dà pupa mi dànù, mi ò tiẹ̀ ráyè bínú.

"Bóyá ó ti tan án."

"Panu ẹ dé, kó o tún un pè."

Ìgbà keje ló tó gbé e. "Ta nìyẹn? Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ṣé o ti tan iná?"

"Mo fẹ́ tan án ni. Ta ni?"

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀! Ìyá Irin ni, inú ẹgbẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Áà, màmá, mo mà rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Bó ṣe rí játijàti, tí gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín, mo ní bóyá ẹni tí ò mọṣẹ́ ni."

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ yẹn dun àbúrò mi ju ẹ̀rín wọn lọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá a jà.

"Ọdún mélòó lo ti ń jó irin?"

"Mọ́kànlá."

"Imú ẹ ti kú nìyẹn. Imú gbogbo wa ti kú, èéfín ti pa á. Pe ẹni tí kì í ṣe alájórin kó wá gbóòórùn tánkì yẹn."

"Màmá, mo ní mo ti..."

"Pè é, kí n gbọ́!"

A gbọ́ tó ń pe ìyàwó rẹ̀. A gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀. Àbúrò mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọra. Obìnrin náà bá lọgun: "Yéè! Epo rèé kẹ̀! Ibí lo fẹ́ tan iná sí? Ibi tí mo sá aṣọ ọmọ sí?"

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Omi," àbúrò mi wí. "Bù ú sí i báyìí. Má pa fóònù."

A dúró síbẹ̀, à ń gbọ́ garawa, à ń gbọ́ omi, à ń gbọ́ ìyàwó tó ń bú u láìmí. Ìgbà tí ọkùnrin náà ní omi ti dé etí ibi tó lu ni àbúrò mi tó jókòó.

Nírọ̀lẹ́, Tíṣà pè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ọkùnrin náà ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti dá àbúrò mi padà sínú ẹgbẹ́, pé bó bá gbà, òun á tún ìmọ̀ràn náà kọ kó já gaara, òun á sì fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo ti ń múra àtikọ̀ fún un nígbà tí àbúrò mi dáhùn.

"Ẹ kọ ọ́. Ọkùnrin yẹn ní bí mo ṣe kọ ọ́ ni ò jẹ́ kóun gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ ìwé tó mọ́ ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹ bá mi fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i."

Tíṣà fi ránṣẹ́. Ẹ wá wo ìwé! Àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àbúrò mi fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ìlà kẹta, ó dúró. Tíṣà kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi omi kún un."

Ó pè é padà lójú ẹsẹ̀. "Tíṣà, ìwé yín dáa, ó dùn ún kà. Ẹ yọ 'bí ó bá ṣeé ṣe' kúrò níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ìtẹríba lásán ni, Ìyá Irin."

"Iná ò mọ ìtẹríba. Ẹ kọ 'dandan' síbẹ̀."

Ó kọ ọ́, ó tún fi ránṣẹ́. Àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ ń rá lórí fóònù, kò sì gbà kí n bá a kà á.