Ìkòkò Ẹ̀wà Méjì Tí A Gbé Lọ sí Kùmásí

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ ọ́ létí mi pé ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, màá bú u. Obì lè gbó níbẹ̀ o. Ní ti ẹ̀wà tèmi, ẹnu àgbà ló ti bà jẹ́.

Ṣáájú ogun kejì àwọn òyìnbó, iṣẹ́ ìgò fífọ̀ ni mò ń ṣe ní ọgbà àgbẹ̀ ìjọba ní Tamale, ìlú òkèèrè tí àwa Yorùbá kan tẹ̀dó sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo ka ìwé díẹ̀, mo sì máa ń wo nǹkan fínnífínní. Ìyá mi ń ta ẹ̀wà lọ́jà. Ọdọọdún ni kòkòrò ń lu ẹ̀wà rẹ̀ jẹ, ọdọọdún ni ìyá mi ń ṣépè fún kòkòrò bí ẹni pé kòkòrò ń gbọ́ Yorùbá. Mo bá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Kakpagyili, mo pín in sínú ìkòkò. Mo po eérú èèpo èso òrí mọ́ ti àwọn kan, mi ò fi nǹkan kan sí ti àwọn yòókù. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé tó sì lọ, ẹ̀wà eléérú ò ní ihò kan ṣoṣo lára. Ìdajì ẹ̀wà tí kò ní eérú ti di ìyẹ̀fun. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá mi òyìnbó kà á, ó ní "Hm," ó fi í ránṣẹ́.

Ni lẹ́tà bá dé láti Kùmásí. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ fẹ́ ṣèpàdé, ìjọba yóò sì san owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn fún ọ̀dọ́ tó bá rí ohun tuntun, kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ẹni tí àlàyé rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn jù ni wọn yóò rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga létíkun. Mo ka ibẹ̀ yẹn títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ìgò fífọ̀ ti sú mi, ẹ gbọ́! Kò sóhun tí mo fẹ́ láyé tó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn.

Àṣìṣe mi ni pé mo fi lẹ́tà náà han ará ilé. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, àwọn àgbà Yorùbá pé síwájú ilé wa. Wọ́n yọ̀, wọ́n ṣàdúà, ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé, "Ta ni yóò wá gbẹnu sọ fún un níbẹ̀?"

Mo ní, "Èmi fúnra mi ni, ẹ̀yin bàbá."

"Haba! Ìwọ? Níwájú àwọn tó tó bàbá ẹ í bí? Ṣé a ò ní àgbà nílé ni?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ṣe ògbufọ̀ nílé ẹjọ́ títí eyín rẹ̀ fi ń yọ, ti ń tún fìlà ṣe. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Òun náà ni wọ́n yàn. Wọ́n ní àgbà ní í bá ọmọ tọrọ ìyàwó, ọ̀rọ̀ kòkòrò ẹ̀wà kò sì yàtọ̀.

Iwájú ọkọ̀ ni ìjọba sanwó rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn ni ilé sanwó rẹ̀ fún Bàbá. Ẹ ti mọ ẹni tó jókòó síwájú. Èmi wà lẹ́yìn lórí àpò èso òrí, ìkòkò méjì láàárín ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan eléérú, ọ̀kan tí kò ní eérú, a sọdá omi ní Yeji, a dé Kùmásí, eruku bò mí bí ẹni tí wọ́n hú jáde. Ìyá mi ti fi aṣọ funfun so ẹnu ìkòkò méjèèjì pa, ó ní n kò gbọdọ̀ tú u àfi níwájú àwọn ẹni ńlá. Mo rò pé nítorí eruku ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún wa. Bàbá dìde tagbádá-tagbádá. Ó kí ọba òyìnbó. Ó kí gómìnà tí kò sí níbẹ̀. Ó ròyìn bí bàbá ńlá wa ṣe da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti Ìlọrin dé Tamale, kò sì fo abúlé kankan. Àwọn òyìnbó ń wo aago. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àkókò tán, ó ní, "Ó yá, ẹ wo ẹ̀wà," ó tú aṣọ.

Ẹ̀wà mímọ́ tónítóní ló wà nínú ìkòkò kìíní. Ẹ̀wà mímọ́ tónítóní ló wà nínú ìkejì. Kò sí eérú, kò sí kòkòrò, kò sí èyí tó lu. Yéè! Ìyá mi ti kù ú, ó ti ṣà á, ó ti ṣàn án, ó ti sá a sóòrùn, ó tún bu ẹ̀wà ọjà rẹ̀ kún ìkejì kí méjèèjì lè dọ́gba, kí ọmọ òun má baà gbé ìdọ̀tí lọ síwájú ẹni ńlá.

Òyìnbó kan béèrè pé, "Kí wá ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì?"

Bàbá wo inú ìkòkò dáadáa. "Kò sí ìyàtọ̀ kankan, sà. Alhamdulillahi. Ilé wa kì í ta ẹ̀wà burúkú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà wá kọjú sí mi. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwọ lo kọ ìwé yìí. Kí lo fẹ́ sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Mo wojú Bàbá, ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ mú ẹran níwájú àlejò. Ni èmi ọ̀mọ̀ràn, èmi onímọ̀ ìjìnlẹ̀, bá tẹríba, mo ní, "Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ náà ni, sà." Agogo lù. Inú bí mi sí Bàbá, ṣùgbọ́n ti ara mi ló bí mi nínú jù. Ọmọ kan tó sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò inú àgbàdo ni wọ́n mú. Òun ò mú àgbà kankan wá.

Ní Tamale, Bàbá sọ fún gbogbo ilé pé kò sí ìbéèrè kan tí òun ò dáhùn, wọ́n sì kí i kú iṣẹ́. Mo wọ inú ilé lọ bá ìyá mi. Ó ti gba ìkòkò méjèèjì, ó ń bu eérú lé ẹ̀wà lórí, ó ń pò ó.

Mo ní, "Ìyá mi, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Ṣé kí kòkòrò wá jẹ ẹ́ ni? Gbogbo obìnrin ọjà ló ń ṣe é báyìí. Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa."