Abala Kejì Lẹ́tà Bàbá Atẹ́gùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkirè, èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún àwọn àgbàlagbà àdúgbò wa. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tí mo lè fi yangàn níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Àwa tí a lè ka òyìnbó lẹ́bàá títì Ìbàdàn kò ju mẹ́ta lọ, èmi ni mo sì yá jù. Ìlànà wà fún lẹ́tà kíkà nígbà yẹn. Inú yàrá ni wọ́n ti ń kà á. Ẹni tó ni lẹ́tà á ti ilẹ̀kùn, á gbé àpótí fún mi jókòó, màá kà á lẹ́ẹ̀kan ní òyìnbó, màá wá túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí mo bá ti jáde, ẹnu mi ti di nìyẹn. Wọn á fún mi ní ẹyin bíbọ̀ kan tàbí àkàrà méjì. Mo mọ ọkọ tó ti fẹ́ ìyàwó míràn ní Kánò, mo mọ ẹni tó kú sí Kùmásí, ìyá tó bí mi kò sì gbọdọ̀ bi mí léèrè.

Ọ̀kánkán ilé wa ni Bàbá Atẹ́gùn ti ń lẹ táyà fún àwọn lọ́rì tó ń kó kòkó àti pákó. Àwa ọmọdé la sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Pọ́ńpù ọwọ́ ló ń lò. Táyà lọ́rì kan lè gbà á ní ìdajì wákàtí, tó bá sì ṣe tán, àyà rẹ̀ á máa dún bí ewìrì alágbẹ̀dẹ.

Ìgbà kan wá, ó wọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó bàjẹ́ wá sílé. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ló fi tú u, tó ń tò ó. Nígbà tó parí, ó fi sílíńdà méjì sílẹ̀ kí wọ́n máa jó epo, ó sì sọ méjì yòókù di pọ́ńpù. Bí méjì ti ń jó epo, bẹ́ẹ̀ ni méjì kejì ń fa atẹ́gùn láti ìta, tí wọ́n ń tì í wọ inú àgbá irin kan. Kí atẹ́gùn má bàa padà síta, ó gé rọ́bà inú táyà bí ahọ́n, ó fi dí ojú ihò. Ahọ́n rọ́bà yẹn ni fáàfù rẹ̀. Atẹ́gùn lè tì í wọlé, kò lè tì í jáde.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Táyà lọ́rì kún kí awakọ̀ tó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Bàbá Atẹ́gùn gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní: "Ìwọ yìí, o ti sinmi." Àyà rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ.

Akọ̀wé kóòtù kan ló wá sọ fún un pé ìjọba ní ìwé kan tí wọ́n ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ hùmọ̀ ẹ̀rọ, pé òun ló ni ín, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún iye ọdún kan. Wọ́n ya ẹ̀rọ náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, akọ̀wé kọ òyìnbó tì í, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Èkó. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Atẹ́gùn kò ti sinmi ẹnu. Ó ní kí àwọn awakọ̀ máa pe òun ní Ẹnjiníà. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọbìnrin wọn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan, yóò lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń wọ bàtà. Àwọn awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i lójú, wọ́n ń yínmú sí i lẹ́yìn.

Òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá kí lẹ́tà tó dé. Wọ́n ti gbé akọ̀wé lọ sí Oǹdó nígbà náà. Wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí.

Mo ń lọ sínú yàrá bí ìlànà, ó dá mi dúró. "Rárá o. Níta. Kí gbogbo wọn gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ní: "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kà á nínú ilé ná."

"Kí ni mò ń fi pamọ́? Gun orí táyà yìí, ọmọ mi, kí wọ́n rí ọ."

Mo gun orí táyà lọ́rì kan. Awakọ̀ tó wà níbẹ̀ á tó mẹ́wàá, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń pọn omi kọjá, àti àwọn ọmọ ilé ìwé mi. Lẹ́tà náà, abala bébà méjì ni. Mo ka ti àkọ́kọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fi apá kan ẹ́ńjìnnì jó epo, tó ń fi apá kejì fún atẹ́gùn, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ti yà á, ó sì ti gba ìwé lé e lórí kí wọ́n tó bí Bàbá Atẹ́gùn. Nítorí náà, wọn kò lè fún un ní ìwé pé òun ló ni ín.

Awakọ̀ lọ́rì pákó kan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí nǹkan! Òyìnbó ti ṣe é kí ìyá ẹ̀ tó lóyún ẹ̀! Amẹ́ríkà! Ẹ wá wo Amẹ́ríkà o!"

Ẹ̀rín náà gba gbogbo títì. Ẹlòmíràn bi mí: "Ọmọ yìí, ṣé wọ́n ní ó jí i ni?"

Lẹ́tà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, àgbàlagbà ń dúró de ẹnu mi, mi ò sì tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo ní: "Wọ́n ní ẹlòmíràn ló ni ín."

"Olè ni nìyẹn!"

Ìyàwó Bàbá Atẹ́gùn sún mọ́ mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọra bi mí: "Ṣé ibẹ̀ ló parí sí, ọmọ mi?"

Abala kejì wà lọ́wọ́ mi, lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo ní: "Ó parí, mà."

Bàbá Atẹ́gùn já abala àkọ́kọ́ gbà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, àwa ọmọdé ti ń kọrin yí ilé rẹ̀ ká: "Ta ló ni ẹ́ńjìnnì? Òyìnbó ni! Ta ló jí i gbé? Amẹ́ríkà ni!" Bàbá Atẹ́gùn là ń pè ní Amẹ́ríkà, èmi ni mo sì dá orin náà sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi ni mo ti ka abala kejì. Ó ní ọjọ́ ti lọ lórí ìwé ọkùnrin Amẹ́ríkà náà, kò sí ẹni tó ni ẹ̀rọ náà mọ́, ẹnikẹ́ni lè ṣe é kó sì tà á láìbẹ̀rù. Ó tún ní àwọn kò rí irú fáàfù rọ́bà yẹn rí níbikíbi. Kí ó ya fáàfù náà nìkan wá, àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún ìwé tirẹ̀.

Ó yé mi dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọdé ni mí, kò yé mi. Ohun tí mo rò ni pé tí mo bá mú un lọ, wọn á ní mi ò mọ̀wé kà, àwọn méjì yòókù á sì gba ipò mi. Mo tì í sábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ó jó kíákíá.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Atẹ́gùn tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó kó o fún àwọn tó ń ra irin. Ó padà sídìí pọ́ńpù ọwọ́. Kò sí ẹni tó pè é ní orúkọ míràn mọ́ ju Amẹ́ríkà lọ. Àwọn awakọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe táyà wọn á dúró, wọn á ní: "Amẹ́ríkà, fún un dáadáa, jọ̀ọ́!" Wọn á sì jókòó máa wo àyà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di Ìyá Amẹ́ríkà ní odò. Nínú ọyẹ́ kejì lẹ́yìn lẹ́tà náà, Bàbá Atẹ́gùn ṣubú lé pọ́ńpù, ó kú, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò lára irin. Awakọ̀ tó ni táyà náà wo yíká, ó ní: "Ta ló máa wá bá mi parí èyí?" Mo gbọ́ ìyẹn náà. Ìyàwó rẹ̀ mú ọmọbìnrin wọn, ó padà sí ìlú àwọn òbí rẹ̀.

Èmi di oníròyìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, tí mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn ọ̀gá mi máa ń sọ pé n kì í gé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Wọn kò mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Plano ni mò ń gbé báyìí, ìlú kan lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ọdún kẹjọ rèé tí obìnrin kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn ní Dallas, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń gbé ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Vickery Meadow. Ó gbọ́ pé ará Ìkirè ni mí. Ó dárúkọ títì wa. Ọmọ tí ìyàwó Bàbá Atẹ́gùn pọ̀n lọ́jọ́ lẹ́tà ni. Láti ìgbà náà, "Àǹtí mi" ló ń pè mí, ó ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi. Lọ́jọ́ kan tó ń wa ọkọ̀ gbé mi lọ sílé, ó ní: "Àǹtí, ẹ má sọ̀rọ̀ bàbá mi níwájú àwọn ọmọ mi o. Mo sọ fún wọn pé olùkọ́ ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé olè ni bàbá àgbà òun?" Mo ní mi ò ní sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, pè mí wá wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n wá àwọn ìwé ìhùmọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ atẹ́gùn àtijọ́, àwọn tí wọ́n gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ló fi hàn mí, ti ọkùnrin Amẹ́ríkà náà gan-an: sílíńdà mẹ́rin. Méjì ń jó epo, méjì ń fún atẹ́gùn. Mo wo ojú ihò: irin àti sípíríǹgì ni fáàfù tirẹ̀. Kò sí ahọ́n rọ́bà níbì kankan.

"Ó ti expire tipẹ́tipẹ́, Grandma," ọmọ náà wí. "Ẹnikẹ́ni lè ṣe é." Ó wo ojú mi. "Kí ló dé?"

Mo ní kó tẹ àwòrán náà sí bébà, kó sì gbé mi lọ sí Vickery Meadow.

Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn tayọ̀tayọ̀. "Àǹtí! Ẹ káàsán mà. Ẹ ò pè kí ẹ tó wá!" Mo gbé àwòrán lé orí tábìlì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, títí dé abẹ́ ìkòkò, mo ní mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú abala tí mo sun. Kò sunkún.

"Ẹ ti lè ka òyìnbó dáadáa nígbà yẹn?"

"Dáadáa."

"Ìyá mi bi yín bóyá ó parí."

"Ó bi mí."

"Orúkọ bàbá ìyá mi ni mo fi lọ sílé ìwé, Àǹtí. Òun ni mo fi gbàwé nọ́ọ̀sì, òun ni mo fi lọ́kọ. Ìyá mi ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọmọ tí mo jẹ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi." Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ jáde."

Mo rò pé ó lé mi ni. Nígbà tí mo dé ìta, lórí pèpéle tó wà lókè ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó ní: "Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ ka abala kejì."

"Mo ti sun ún."

"Ẹ ní ẹ ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Níta lẹ ti ka ti àkọ́kọ́."

Oòrùn Dallas wà lórí mi. Nísàlẹ̀, ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju bàtà lọ fún atẹ́gùn sí táyà rẹ̀, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àyíká. Mo bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé ohùn sókè. Èmi ò gbọ́."

Mo gbé e sókè. Mo kà á ní òyìnbó, mo túmọ̀ rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin kan tó gbé aṣọ fífọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wò mí bí aṣiwèrè. Nígbà tí mo dé ibi fáàfù, ọmọ Bàbá Atẹ́gùn di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

"Ó parí, mà."

Ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Lẹ́tà ń dé sórí fóònù, fóònù fúnra rẹ̀ sì lè kà á sí yín létí ní èdè tó wù yín. Ohun tí Bàbá Atẹ́gùn dúró òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kó tó mọ̀, ọmọ ọmọ mi rí i kó tó mu tíì tán, gbogbo abala rẹ̀ ló pé. Kò sí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ẹ gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ̀, kò sì sí iná ìdáná tó lè jó ohun tí gbogbo ayé ti rí. Mo dúró pẹ́ lórí pèpéle náà, àwòrán ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ nínú ilé. Ọmọ ọmọ mi fọn fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Mo ti wá ń ka gbogbo nǹkan dé ìsàlẹ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó dúró gbọ́ mọ́.