Ìpè Tí Ọmọ Mi Jẹ́

Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ilé tí a háyà ní Kàbà. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni. Èmi àti ọmọ mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà, ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ìyàwó onílé wa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iyán gbígbóná wà níwájú rẹ̀.

“Okun o,” ló fi kí wa, bí àwọn ará Kàbà ṣe máa ń kí ènìyàn. “Ẹ wá jẹun.”

“Á gba ibi ire, Màmá,” ni mo fi dá a lóhùn, mo sì wọlé lọ bọ́ bàtà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi: wọ́n á pè ọ́, wàá súre, wàá sì kọjá. Ọmọ mi ò kọjá. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́kọ́ja ti sọ fún mi pé ọ́tísíìmù ni, pé ohun tí a bá fẹnu sọ gan-an ni yóò gbọ́, kì í ṣe èyí tí a fi pamọ́ sínú. Ọmọ náà fọwọ́ nínú abọ́ omi ìyàwó onílé, ó jókòó, ó bu òkèlè.

Ìró àbàrá ló mú mi sáré jáde. Òkèlè ti wà nílẹ̀.

“Ọ̀kánjúà! Ṣé ìyá ẹ kì í fún ẹ lóńjẹ ni?”

Ọmọ mi ń wo ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ní ká wá,” ló wí.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ pè é!” Mo ti ń pariwo.

“Ta ni ò mọ̀ pé ẹnu lásán ni? Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí náà!”

Títí dòní, mi ò yọ ọ̀kan kúrò nínú ẹ̀sùn mẹ́ta tí mo fi kàn án: ó lu ọmọ tó fẹnu ara rẹ̀ pè, ó pè é ní ọ̀kánjúà, nígbà tó di Ọjọ́rú, ó sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ebi ni mo fi ń pa ọmọ. Kò sì tọrọ àforíjì rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kẹrin, èmi ló ni ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ìtìjú mú mi, mo dá ọmọ náà dúró síwájú mi, mo ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ orin: “Bí wọ́n bá ní kí o wá jẹun, kí ni wàá sọ?” “Á gba ibi ire.” Ó gbà á sórí kíákíá. Inú mi dùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bu ẹ̀wà sí abọ́ rẹ̀. “Wá jẹun.” Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ ẹ̀wà, ó gbé itọ́ mì. “Á gba ibi ire, Mọ́mì.” Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo tún pè é. Ó tún súre fún mi. Kò fẹnu kan nǹkan kan tó fi lọ sílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu ìyàwó onílé, òun náà ló jáde lẹ́nu mi. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ti inú wá, èkejì ò ju ètè lọ? Àwa yòókù ń wo ojú, à ń wò ó bóyá wọ́n sún abọ́ síwájú wa. Ọ̀rọ̀ nìkan lòun ní lọ́wọ́, mo sì ti bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

A ti kó kúrò nílé yẹn. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ. Mi ò pe ẹnikẹ́ni síbi oúnjẹ mọ́ àfi tí mo bá ti bu tirẹ̀. Tọmọ mi, ńṣe ni mo máa ń gbé abọ́ lé e lọ́wọ́: “Tìrẹ nìyí.” Síbẹ̀, kó tó jókòó, á wò mí.

“Mọ́mì, ṣé tòótọ́ ni?”

Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń bi mí, nínú ilé ìyá rẹ̀.